Ṣé Iṣẹ́ Ni Ìwádìí Lórí Dátà Ìjọba? Èsì fún Oníròyìn Kan ní Kubwa

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ Kwara ni mí, Kubwa ni mò ń gbé, mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn ní Àbújá fún ọdún mélòó kan. Ó wù mí kí n kàwé gba PhD, kí n di olùkọ́ ní yunifásítì, kí n máa ṣèwádìí lórí dátà gbangba, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rí kó sì lò, àti iṣẹ́ ìròyìn onídátà, tí wọ́n ń fi nọ́ńbà àti àkọsílẹ̀ kọ ìròyìn. Àwọn ará ilé mi ń béèrè pé kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ṣé ó ń bọ́ èèyàn? Mass Comm ni mo kà, ìṣirò ò sì fi bẹ́ẹ̀ yé mi. Ṣé kí n fi iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀ kí n lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ná? Ṣé ilẹ̀ yìí náà ni mo ti lè ṣe é, àbí àfi kí n lọ sókè òkun?”

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Iṣẹ́ ni, ó sì ń bọ́ èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í tètè bọ́ni. N ó sọ̀rọ̀ owó bó bá yá. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹrù kan kalẹ̀ fún ọ. Má fi iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀ nítorí kọ̀ǹpútà. Ìṣirò tí o nílò láti bẹ̀rẹ̀ kò ju kí o mọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, kí o mọ ìdí tí ìpíndọ́gba fi lè tan èèyàn jẹ, kí o sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣa èèyàn díẹ̀ láti fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀. Excel ti tó fún ọdún àkọ́kọ́. OpenRefine, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún dátà tó rí jákujàku ṣe, wúlò bí orúkọ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo bá wà ní oríṣi mẹ́fà nínú àkọsílẹ̀ kan náà. R tàbí Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, lè dé lẹ́yìn náà. Alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ tó fún gbogbo ìyẹn.

Ohun tó ya olùwádìí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kàn mọ kọ̀ǹpútà lò ni pé bí nọ́ńbà bá dé iwájú rẹ̀, á bi í léèrè: ta ló kà ọ́, ìlànà wo ló fi kà ọ́, àwọn wo ni kò kà mọ́ ọn? Iṣẹ́ oníròyìn nìyẹn. O ti ń ṣe é lójú pópó tẹ́lẹ̀. Wàá kàn máa ṣe é fún táàbù àti fáìlì ni.

Mú ọ̀rọ̀ àìríṣẹ́ṣe. Àjọ Ìṣirò orílẹ̀-èdè yìí, NBS, kéde pé ní oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn ọdún 2020, ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lè ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì fẹ́ ṣe é ni kò níṣẹ́. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2023, NBS kan náà gbé èyí tó yàtọ̀ jáde: ìdá 5.3 fún oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn 2022, àti ìdá 4.1 fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2023. Ariwo sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní irọ́ gbuu ni, iléeṣẹ́ ìròyìn púpọ̀ sì gbé ìbínú náà bó ṣe wà. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìlànà ìkà ló yí padà. Lábẹ́ ti àtijọ́, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Lábẹ́ ti tuntun, tó bá ìlànà ILO, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, mu, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún owó tàbí èrè fún wákàtí kan péré láàárín ọjọ́ méje, ó ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Obìnrin tó ń dín àkàrà ní Nyanya láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé nìkan, tó ń tà á tán kí oòrùn tó mú, aláìríṣẹ́ ni ní 2020, òṣìṣẹ́ ni ní 2023. Ohunkóhun ò yí padà nínú ìgbésí ayé rẹ̀.

Oníròyìn tó dáa máa dúró níbẹ̀, á sì ti ṣe iṣẹ́ gidi. Olùwádìí á tẹ̀ síwájú. Á rí i pé ìlànà tuntun yìí kì í ka àgbẹ̀ tó ń dáko fún ẹnu ilé rẹ̀ nìkan mọ́ àwọn tó níṣẹ́, á sì béèrè ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ní Jigawa tàbí Kebbi, níbi tí oko ti jẹ́ ìgbésí ayé ọ̀pọ̀ ilé. Lẹ́yìn náà á béèrè nípa àwọn obìnrin tó wà ní kúllè, ìyẹn àwọn ìyàwó ilé Mùsùlùmí tí kì í jáde síta. Ẹni tó bá ti gbé ní Kano tàbí Sókótó mọ̀ pé obìnrin tí kì í jáde lójú ọjọ́ lè máa dín kósáì, kó máa fún epo ẹ̀pà, kó máa fi ọmọ ránṣẹ́ lọ tà á kiri, kó sì ní owó tirẹ̀ tí ọkọ ò mọ iye rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ni NBS rán wá béèrè ọ̀rọ̀, ta ló dá a lóhùn ní sọ́rọ̀, yàrá àbáwọlé ilé? Ọkọ ni. Kí ni ọkọ máa sọ pé ìyàwó òun ń ṣe? O ò rí i pé nọ́ńbà tó dé orí fóònù rẹ ní Kubwa ti gba ẹnu ọ̀nà ilé kan kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ìwádìí wà. PhD odindi ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa ṣe é láti London dáadáa tó ẹni tó lè bá obìnrin náà jókòó kó sì bá a sọ Hausa.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba àwọn ọmọ wa tó wà níhìn-ín níyànjú pé kí wọ́n kọ́ Hausa ju ti ọjà lọ. Ó ju kíkí àti dídúnàádúrà lọ. Débi tí o fi lè gbọ́ ohun tí akọ̀wé ọ́fíìsì kan sọ fún èkejì nígbà tí o mú lẹ́tà rẹ dé.

Nípa ibi tí o wà, ibi tó yẹ gan-an ni. NBS, Budget Office, ọ́fíìsì Akáńtáǹtì Àgbà, BPP tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbàṣe, NEITI tó ń tọpa owó epo, CAC tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, Àbújá ni gbogbo wọn wà. Àwọn tó ń lo dátà wọn náà wà nítòsí: iléeṣẹ́ ìròyìn Premium Times, CJID tó tinú rẹ̀ jáde, àti àwọn ẹgbẹ́ bíi Dataphyte, PPDC, àti CODE tí Hamzat Lawal dá sílẹ̀. O gbọ́dọ̀ mọ ìtàn Bagega ní Zamfara, torí olùkọ́ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá o mọ ilẹ̀ yìí lè bi ọ́. Lọ́dún 2010, òjé tó ń jáde lára òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú àgbàlá ilé pa ọmọ wẹ́wẹ́ tó ju irínwó lọ ní ìpínlẹ̀ náà. Ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí mílíọ̀nù 850 náírà láti fọ ilẹ̀ Bagega mọ́, owó ò jáde. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tọpa owó náà, lábẹ́ Follow The Money, ìpolongo CODE, pariwo rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti ní iléeṣẹ́ ìjọba, owó sì jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ọmọ tí òjé náà ti wọ̀ lára. Nígbà tí ará ilé bá bi ọ́ pé kí ni wúlò nínú iṣẹ́ yìí, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé tíọ́rì. Sọ ti Bagega fún wọn.

Ìmọ̀ràn tí mo ka sí jù lọ nìyí: yan àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, kí o sì bá a gbé fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ìdìbò, òmíràn lórí kọ́rónà, òmíràn lórí epo, kò ní jinlẹ̀ níbì kankan, àwọn tó ń ka ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀ á sì mọ̀.

Wo Open Treasury Portal, ìkànnì ìnáwó ìjọba àpapọ̀, bí àpẹẹrẹ. Oṣù Kejìlá 2019 ni Ààrẹ Buhari ṣí i. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí iléeṣẹ́ ìjọba máa gbé owó tí wọ́n bá san jáde lójoojúmọ́, bó bá ti tó mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Ṣí fáìlì ọjọ́ kan. Wàá rí iléeṣẹ́ tó sanwó, orúkọ ẹni tó gbà á, iye rẹ̀, àti ìdí tí wọ́n fi san án. Jókòó ti ìlà kan ṣoṣo. Orúkọ tó wà níbẹ̀, ṣé ti iléeṣẹ́ ni àbí ti èèyàn? Bó bá jẹ́ ti iléeṣẹ́, ṣé ó wà nínú ìwé CAC, ìgbà wo ni wọ́n dá a sílẹ̀? Àlàyé tí wọ́n kọ síwájú owó náà, ṣé ẹni tí kò sí ní ọ́fíìsì yẹn lè lóye rẹ̀, àbí lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán ni wọ́n tò jọ? Ṣé iṣẹ́ náà wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yẹn? Ìlà kan lè gba ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, kò burú.

Àti pé o gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún orúkọ. Ní oṣù kẹsàn-án 2020, ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, kéde pé bílíọ̀nù 2.67 náírà tí wọ́n san fún oúnjẹ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ lásìkò kónílé-ó-gbélé bọ́ sínú àpò àṣùwọ̀n àwọn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀pọ̀ ti so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí iléeṣẹ́ ìjọba tó ni ètò yẹn fi jáde láti ní ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, kì í ṣe tàwọn. “Oúnjẹ ilé-ìwé” méjèèjì ni, apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà. Ẹni tó ti bá àkọsílẹ̀ náà gbé ni kò ní ṣì wọ́n mú.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lórí ìkànnì ìjọba ni dátà gbangba. Ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ẹnikẹ́ni lè rí, lè lò, lè tún ṣe, kó sì pín fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé, tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, tí wọ́n sì gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì bíi PDF, ojú lè rí i, kọ̀ǹpútà ò lè kà á. Tabula, ètò kọ̀ǹpútà kan, lè fa táàbù yọ nínú PDF tó tinú kọ̀ǹpútà jáde tààrà. Ti fọ́tò, àfi OCR, ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí o fi ojú ara rẹ yẹ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wò, nítorí ẹ̀rọ máa ń ka 3 sí 8. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Mo rò pé ó yẹ kí yunifásítì wa máa ka dátà tí èèyàn tún ṣe, tó sì gbé jáde fún gbogbo ayé, mọ́ ohun tí wọ́n ń gbé olùkọ́ ga fún. Ó dùn mí pé àpilẹ̀kọ inú jọ́nà, ìwé ìròyìn àwọn olùwádìí, nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wò.

Fi ẹ̀dà gbogbo fáìlì pamọ́ síbi méjì, kí o kọ ọjọ́ tí o gbà á sí i lórí. Ní Oṣù Kejìlá 2024, àwọn oníjìbìtì wọ ìkànnì NBS, àjọ náà fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ pé kí aráàlú má gba ohun tó bá wà níbẹ̀ gbọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ẹni tó ní ẹ̀dà tirẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ.

Ohun tí kò bá sí lórí ìkànnì, fi òfin FOI, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìròyìn lọ́wọ́ ìjọba, béèrè rẹ̀. O lè ti lò ó rí. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 2011 ni Ààrẹ Jonathan bu ọwọ́ lù ú. Kò di dandan kí o sọ ohun tí o fẹ́ fi ìròyìn náà ṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dá ọ lóhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ohun tí o béèrè bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ọgbọ́n ọjọ́ ni o ní láti gbé e lọ sílé ẹjọ́, ìtanràn iléeṣẹ́ tó bá jẹ̀bi sì jẹ́ ₦500,000. Fún ọdún púpọ̀, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ń jiyàn pé òfin náà ò kan àwọn. Ní oṣù kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ó kàn wọ́n. Ìdájọ́ ńlá nìyẹn jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ ṣèwádìí ní Kaduna tàbí Niger.

Bí o ṣe máa ṣe é nìyí. Tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì. Mú un lọ fúnra rẹ kí ọ́fíìsì tó kún, kí o kí àwọn tó wà ní ìbi gbígba ìwé dáadáa, ọ̀gá wọn àti kékeré wọn. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tìrẹ, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ rẹ̀. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, o ò ní lè fi hàn pé ọjọ́ méje ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka. Béèrè ohun kan pàtó: “owó tí ẹ san fún kànga ní ìjọba ìbílẹ̀ Bwari láàárín 2021 sí 2023, nínú Excel,” kì í ṣe “gbogbo ìròyìn nípa omi.” Kí o sì tọ́jú àwọn lẹ́tà tí wọn ò dá lóhùn. Bí o bá fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ogójì, tí o kọ ọjọ́ tí kálukú dáhùn àti ohun tí wọ́n sọ, ìdákẹ́jẹ́ wọn ti di dátà, ó sì tó kọ àpilẹ̀kọ jọ́nà kan.

Ọ̀rọ̀ iye èèyàn náà wà níbẹ̀. Ìkànìyàn 2006 ló gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà: 140,431,790 lápapọ̀. Kano ní 9,401,288, Èkó ní 9,113,605, ìjọba Èkó sì yarí pé ìkà tiwọn ju mílíọ̀nù 17 lọ. Olú-ìlú Àbújá ní 1,406,239. Ìwọ tó ń gbé Kubwa, wo ilé tó ti kún láti ìgbà yẹn. Gbogbo ìròyìn tó bá sọ pé báyìí ni iye dókítà, olùkọ́ tàbí ọlọ́pàá sí èèyàn kọ̀ọ̀kan ní Àbújá, orí ìfojúdá tó bẹ̀rẹ̀ láti 2006 ló dúró lé. Máa kọ ìyẹn sínú ìròyìn rẹ.

Ní àríwá yìí, àbójútó èèyàn ṣe pàtàkì ju dátà lọ. Dátà nípa abúlé tí wọ́n ti ń san owó fún ajínigbé, nípa ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé, nípa ọmọbìnrin tó padà dé láti ìgbèkùn, má gbé e jáde débi tí ẹnikẹ́ni fi lè mọ ilé. Dúró ní ìjọba ìbílẹ̀, má sọ̀ kalẹ̀ dé abúlé. Òfin ààbò dátà ti 2023 ní kí a dáàbò bo ìròyìn tó lè fi ẹnì kan hàn, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò ní yunifásítì náà á béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnì kankan ò tilẹ̀ béèrè, èèyàn ló lè kú.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Bí o bá wọlé pẹ̀lú Master's, Assistant Lecturer ni wàá ti bẹ̀rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ ò sì pọ̀ rárá. Ní 2022, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì sí oṣù kẹwàá, owó oṣù sì dúró fún ọ̀pọ̀. Sọ ìyẹn fún ará ilé láìfi bò. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ: àwọn ẹgbẹ́ tí mo dárúkọ lókè ń gba olùwádìí, iléeṣẹ́ ìròyìn ń wá ẹni tó máa kọ́ òṣìṣẹ́ wọn, TETFund ń fún olùkọ́ lówó ìwádìí. NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, sì ti pín Mass Comm sí ẹ̀ka bíi méje, títí kan iṣẹ́ ìròyìn fúnra rẹ̀, nítorí náà wọ́n nílò olùkọ́ tó mọ ohun tuntun kọ́ àwọn ọmọ. Béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka tí o fẹ́ bí wọ́n ṣe ń pín máàkì fún àpilẹ̀kọ tí èèyàn mẹ́rin jọ kọ. Níbi púpọ̀, ẹni kẹta àti ẹni kẹrin kì í rí nǹkan gidi, iṣẹ́ dátà sì jẹ́ iṣẹ́ àjọṣe. Ẹ jọ ṣàdéhùn orúkọ ta ni á ṣáájú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Òkè òkun ńkọ́? Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Philip Meyer, oníròyìn ni lọ́dún 1967 nígbà tí ó fi ìwádìí àti kọ̀ǹpútà ṣàlàyé rúkèrúdò Detroit. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì North Carolina. Jonathan Gray ti King's College London ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan pẹ̀lú Open Knowledge Foundation, ẹgbẹ́ tó ń jà fún dátà gbangba, kó tó di olùkọ́ tó ń ṣèwádìí lórí ohun kan náà. Nílé wa, ìwádìí àti ìròyìn ni Joshua Olufemi ń ṣe kó tó dá Dataphyte sílẹ̀. Iṣẹ́ ló gbé àwọn wọ̀nyí dé ibi tí wọ́n dé. Mo máa fẹ́ kí o ṣe Master's níhìn-ín tàbí kí o gba Chevening, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún Master's, tó ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, èyí tí o ti ní. Fún PhD, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Commonwealth wà, ṣùgbọ́n má lọ bí kò bá sí owó tó péye, tí ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ bójú tó ọ ò sì gbà kí o padà wá síbí fún ìwádìí. Bí o bá rí olùkọ́ kan ní Zaria tàbí Kano tó máa jẹ́ alábòójútó kejì, á dáa jù.

Kí o tó fi ìwé ìbéèrè fún ìwọlé kankan ránṣẹ́, kọ ojú ewé méjì péré: àkọsílẹ̀ tí o yàn, ta ló ń ṣe é, ìbéèrè tí àwọn tó ń lò ó ò tíì béèrè, àti ìjọba ìbílẹ̀ méjì tí wàá ti lọ wò ó lójú ayé. Kọ ọ́ ní Yorùbá bó bá ti rọrùn fún ọ, a lè gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà. Fi ránṣẹ́ sí mi. Mo máa kà á, mo sì máa sọ fún ọ ẹ̀ka tó yẹ kí o mú un lọ.